ÈBÚTÉ WO NI KÍ ÌYÁ WA TI WỌ ỌKỌ̀?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́



Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé rú. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ti ń dá owó lọ́dọ̀ wa fún ohun tó lé ní ogún ọdún, tí kò sì fi ẹ̀yáwó kankan falẹ̀ rí, ló kọ̀wé pé òun fẹ́ yá owó. Nígbà tí mo ka ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe sétígbọ̀ọ́ ilé, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ sọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Calgary, ní ilẹ̀ Kánádà, ló fẹ́ mú un wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo òkè yìnyín ní Alaska, kí wọ́n fi ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún rẹ̀. Ọmọ ló máa san owó ọkọ̀ ojú omi. Ìyá ní òun fẹ́ fi owó ara òun san ti bàálù láti Èkó, kí òun má baà di ẹrù lé ọmọ lórí jù.

Bàbá kan dìde, ó ní: "Akọ̀wé, kí ni àgbàlagbà obìnrin ń wá nínú yìnyín? Àbí omi àmù ilé rẹ̀ kò tutù tó ni?" Ilé tún rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní owó ẹgbẹ́, owó òwò ni, owó oko ni, owó ilé-ìwé ọmọ ni, kì í ṣe owó fàájì. Ìyá náà kò fèsì, ilẹ̀ ló ń wò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Alága wa ní ká so ó rọ̀ di ìpàdé tó ń bọ̀, ó sì ní kí n lọ wádìí rẹ̀ wá. Mo ti wádìí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Èrò tèmi ni o, kì í ṣe ìpinnu ìgbìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti fàájì yẹn. Òfin ẹgbẹ́ wa kò ní ká máa yẹ inú ọmọ ẹgbẹ́ wò kí a tó yá a lówó. Ohun tó sọ ni pé kí ẹni náà ní owó nílẹ̀, kí ó ní onídùúró méjì, kí ó má sì jẹ gbèsè àtijọ́. Ìyá yìí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó tó fẹ́ yá kò tilẹ̀ tó èyí tó ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa. Òwò epo pupa ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Láti Ọjà-Ọ̀dàn títí dé Àjàṣẹ́, ọjà tí kò ná kò pọ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá yá owó láti fi sin òkú ìyá rẹ̀, tó fẹ́ pa màlúù, tó fẹ́ gbé olórin wá, a máa ń fọwọ́ sí i kíákíá ni, àwa fúnra wa á tún ra aṣọ ẹbí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, tó fẹ́ kí ìyá náà fojú ara rẹ̀ rí ohun tó dára, òun la wá ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Èmi kò rí ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ ká bi í, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í. Èmi pàápàá kò bi í lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè náà ni pé: "Ìyá, èbúté wo lẹ ti máa wọ ọkọ̀?" Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló máa sọ bóyá owó náà á di ìrìn-àjò tàbí á di òfò.

LÁYÉ ÀWỌN BÀBÁ WA

Láyé àwọn bàbá wa, kò sẹ́ni tó ń da ara rẹ̀ láàmú lórí èbúté. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìlú Ọba, Apapa ló ń lọ. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ló ń gbé wọn: èyí tí wọ́n ń pè ní Accra, èyí tí wọ́n ń pè ní Apapa, àti Aureol tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Ọkọ̀ á kúrò ní Apapa, á yà sí Freetown, á yà sí Las Palmas, á sì dé Liverpool láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 1972 wọ́n gbé òpin ìrìn Aureol kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton. Nígbà tó di 1974, ó dáwọ́ dúró pátápátá, torí bàálù ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tó wọ ọkọ̀ náà. Títí ó fi kú ló ń sọ fún wa pé wàhálà òun kò ju kí òun ti Ìlaròó dé Apapa lọ. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó ti dé Liverpool nìyẹn. Èbúté kan, ọkọ̀ kan, ìwé kan.

Ayé ìgbà yẹn ti lọ. Lónìí, ẹni tó fẹ́ lọ wo yìnyín lórí omi ní èbúté púpọ̀ tó lè yàn. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé ní ibodè mọ èkejì ọ̀rọ̀ náà: ọ̀nà méjì lè wọ ọjà kan náà, kí ohun tí wọ́n á bi ọ́ lójú ọ̀nà kan má jọ ti èkejì rárá.

ILẸ̀ TÓ WÀ LÁÀRIN

Alaska, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Wọ́n rà á lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní 1867, ó sì di ìpínlẹ̀ ní 1959. Ṣùgbọ́n kò fara kan ìyókù Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Kánádà ló dábùú sáàrin wọn. Ká sọ pé Lomé jẹ́ ti Nàìjíríà, tí ilẹ̀ Benin sì wà láàrin àwa àti Lomé: bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Èbúté méjì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ afẹ́ tó ń lọ síbẹ̀ ti ń gbéra, láti nǹkan bí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún títí di oṣù kẹwàá. Ọ̀kan ni Vancouver, ní Kánádà. Èkejì ni Seattle, ní Amẹ́ríkà. Láàrin ìlú méjèèjì kò ju wákàtí mẹ́ta lọ nínú mọ́tò, bí ibodè kò bá kún.

Ọmọ ìyá wa ti mú Seattle. Mo ka ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́. Ìdí mẹ́ta ló sọ. Ó ní ọkọ̀ tí òun rí níbẹ̀ tóbi ju ti Vancouver lọ. Ó ní owó rẹ̀ dín díẹ̀. Ìdí kẹta ló sì gbára lé jù: ìyá ti ní físà Amẹ́ríkà, ọlọ́dún márùn-ún, tó gbà ní 2023 nígbà tó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Texas, ṣùgbọ́n kò tíì ní ti Kánádà. Ọmọ wá ní: "Ìyá mi, ẹ kàn wá sí Seattle, màá wá pàdé yín níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Kánádà ò ní wọ̀ ọ́ rárá."

Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni pàkúté wà.

Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1886. Ó ní ọkọ̀ ojú omi tí kì í bá ṣe ti Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ máa gbé èrò láàrin èbúté Amẹ́ríkà sí èbúté Amẹ́ríkà. Kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tiwọn ni wọ́n fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọkọ̀ afẹ́ ńláńlá wọ̀nyí, àsíá Bahamas, Bermuda, Panama tàbí Netherlands ló ń fẹ́ lórí ọ̀pọ̀ wọn. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá gbé èrò ní Seattle lọ Alaska, tó sì fẹ́ dá wọn padà sí Seattle, ó di dandan kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mìíràn lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ Kánádà ló sún mọ́ ọn jù. Ìlú Victoria ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń yà sí, nígbà mìíràn tí ilẹ̀ ti ń ṣú, fún wákàtí díẹ̀ péré.

Wákàtí díẹ̀ yẹn ló ń bèèrè físà Kánádà lọ́wọ́ ẹni tó mú páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun á jókòó sínú yàrá òun nínú ọkọ̀, tí òun ò ní sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe Victoria ni wọ́n ti máa ń bèèrè ìwé náà. Lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ọkọ̀ ni, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí èrò tó wọlé rárá.

Mo mọ tọkọtaya kan tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ìbátan ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ni wọ́n, n kò ní dárúkọ wọn. Ọmọ wọn ti san gbogbo owó. Wọ́n ti ra aṣọ òtútù, wọ́n ti ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí wọ́n dé èbúté, òṣìṣẹ́ yẹ páspọ́ọ̀tù wọn wò, ó rí físà Amẹ́ríkà, ó bèèrè ti Kánádà. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ni àwọn ń lọ, Alaska, kì í ṣe Kánádà. Ó ní kí wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ àti ìyàwó rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tì wọ́n, gbogbo wọn sì dúró létí omi, wọ́n ń wo ọkọ̀ bó ṣe ń lọ. Kọ́bọ̀ kò padà nínú owó náà, torí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé èrò ló ni ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ìyá náà sọ fún mi pé owó kọ́ ló dun òun jù. Ó ní ojú ọmọ òun lọ́jọ́ náà ni òun ò lè gbàgbé.

OHUN TÓ Ń TAN ÀWA ARÁ IBODÈ JẸ

Ẹ má bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan. Àwa ará Yewa yìí, ó rọrùn fún wa ju ẹlòmíràn lọ láti ṣe irú àṣìṣe yìí. Ojoojúmọ́ là ń kọjá ààlà. Ẹni tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ á gba Ìdí-Ìrókò, ẹni tó ń lọ sí Kétu á gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá. Nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979, ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Nítorí náà ni ààlà fi dà bí ojúgbó lójú wa. Bí wọ́n bá ti bi wá ní ìwé, tí a fi hàn, a ti kọjá nìyẹn. Ìyókù di ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ àti àwàdà. Àna ẹni wà lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n ẹni wà lọ́hùn-ún, èdè kan náà là ń sọ.

Ààlà tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwàdà kò sí níbẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan sọdá ìlà, ìwé kan ni. Bí o bá sọdá padà, ó tún lè di ìwé mìíràn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa mọ̀ ju àwọn aládùúgbò wa ìlú ńlá lọ: pé òfin tí wọ́n ṣe níbi tó jìnnà lè ti ọjà ìlú kékeré pa. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba wa ti ibodè. Ní oṣù kejìlá 2020 wọ́n ṣí Sèmè àti mẹ́ta mìíràn. Ìdí-Ìrókò kò ṣí títí di oṣù kẹrin 2022. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà nígbà náà mọ ohun tí ojú yín rí, ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa sì mọ̀ pẹ̀lú. Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Alaska ní àkókò kan náà. Kánádà ti èbúté rẹ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ afẹ́ ńlá ní 2020 nítorí àrùn kòrónà. Òfin 1886 ní kí ọkọ̀ Seattle yà sí ilẹ̀ mìíràn, ilẹ̀ mìíràn náà sì ti ilẹ̀kùn. Ìlú kéékèèké bíi Skagway àti Ketchikan tó ń fi owó àlejò jẹun bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ lérán. Àfìgbà tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin pàtàkì ní oṣù karùn-ún 2021 ni ọkọ̀ tó lè lọ láìyà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni Kánádà ṣí èbúté padà, tí òfin 1886 sì tún padà sípò rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ní Ìdí-Ìrókò rí kò nílò kí wọ́n túmọ̀ ìtàn yìí fún un.

KÍ WÁ NI KÍ ÌYÁ ṢE?

Èrò tèmi nìyí: kí wọ́n fi Seattle sílẹ̀, kí wọ́n mú Vancouver. Mo ní ìdí mẹ́rin.

Èkíní, Seattle kò gbà wọ́n lọ́wọ́ físà Kánádà. Níwọ̀n ìgbà tí físà méjèèjì ti di dandan níbi méjèèjì, àǹfààní tí ọmọ rò pé òun rí ní Seattle ti di asán.

Èkejì, wíwọlé àti jíjáde. Ọkọ̀ tó gbéra ní Vancouver, tó lọ Alaska, tó sì padà sí Vancouver, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló mú ìyá wọ Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà pàápàá wà ní èbúté Vancouver, lórí ilẹ̀ Kánádà, wọ́n á yẹ ìwé rẹ̀ wò kí ó tó wọ ọkọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà, ibi tí ọmọ rẹ̀ wà nítòsí ni yóò ti yọjú, kì í ṣe ní àárín omi. Òfin Kánádà sì gbà pé ẹni tó wọ ilẹ̀ wọn tó yà sí Amẹ́ríkà nìkan lè padà wọlé láìgba físà tuntun, bí àsìkò tí wọ́n kọ́kọ́ fún un kò bá tíì pé.

Ẹ̀kẹta, omi. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni àádọ́rin ọdún. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó kúrò ní Seattle máa ń gba ojú òkun gbangba kọjá lẹ́yìn erékùṣù ńlá tí wọ́n ń pè ní Vancouver Island. Ìgbì máa ń wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Vancouver ń gba àárín erékùṣù àti ilẹ̀, nínú omi tó fara pa mọ́, tí òkè àti igbó wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tí èébì máa ń gbé nínú ọkọ̀ Badagry á mọ ohun tí mò ń sọ. Ìran wíwò pẹ̀lú sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò dúró di Alaska.

Ẹ̀kẹrin, ọmọ. Láti Calgary sí Vancouver, bàálù kò lò ju nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ lọ, kò sì sí ibodè láàrin. Bí bàálù ìyá bá pẹ́, bí ẹrù rẹ̀ bá sọnù, bí ara rẹ̀ kò bá yá, ilé ọmọ kò jìnnà.

Ká má ṣe Seattle ní àìdáa o. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Amẹ́ríkà, tó ti wà lọ́dọ̀ ọmọ náà, tí físà méjèèjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Seattle lè dára fún un. Àwọn ọkọ̀ tó ga jù pọ̀ níbẹ̀, torí afárá kan tó wà lẹ́nu èbúté Vancouver láti 1938 kò jẹ́ kí àwọn àgéré ọkọ̀ náà kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Èbúté kẹta tún wà, Seward tàbí Whittier, ní Alaska gan-an, fún ẹni tó fẹ́ lọ láìpadà sí ibi tó ti gbéra. Ó ń rí yìnyín púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ìrìn rẹ̀ parí sí, owó bàálù ìpadàbọ̀ sì ni. Fún ìyá tiwa, èyí kò yẹ.

Èbúté yòówù kí wọ́n mú, kí wọ́n bèèrè bóyá ọkọ̀ náà ní àyè láti wọ Glacier Bay. Ọkọ̀ afẹ́ méjì péré ni ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà láàyè níbẹ̀ lójúmọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun omi George Vancouver, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú èbúté yẹn, kọjá níbẹ̀ ní 1794, yìnyín ló dí gbogbo ẹnu ọ̀nà náà pa. Lónìí, yìnyín ti fà sẹ́yìn ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà ó lé. Ó ṣì ń ya lulẹ̀ sínú omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ariwo bí àrá. Bí ìyá wa bá fẹ́ rí i, kò burú bí kò bá pẹ́ jù.

ẸNI TÍ KÒ NÍ FÍSÀ AMẸ́RÍKÀ

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ka èyí, àwọn kan á sọ pé àwọn náà fẹ́ lọ. Ẹ dúró ná. Láti oṣù keje 2025, físà ìbẹ̀wò tí Amẹ́ríkà ń fún ọmọ Nàìjíríà di ti oṣù mẹ́ta, àti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Ní oṣù kejìlá 2025, wọ́n tún kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, àwọn dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà ìbẹ̀wò tuntun dúró. Èyí tí wọ́n ti fún ènìyàn tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn kò gbà á padà. Ìdí nìyẹn tí ti ìyá wa fi ṣì wúlò. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá tọ̀ yín wá ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, tó ní òun mọ ẹni tó lè bá yín ṣe é lábẹ́lẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ wá rí mi lọ́fíìsì ná.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí yìnyín àti omi tútù, Alaska nìkan kọ́ ló wà. Ilẹ̀ Nọ́wè wà. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ èbúté náà ni. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London máa ń fẹ́ mú òbí wọn gbéra láti Southampton, torí ó sún mọ́ wọn. Èbúté tó gba Aureol kẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n físà Ìlú Ọba ni èrò máa fi dé Southampton, ti Schengen ni yóò fi wọ Nọ́wè. Ìwé méjì. Ẹni tó bá lọ tààrà sí Bergen, ní Nọ́wè fúnra rẹ̀, ìwé kan ló nílò. Láti 1893 ni ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Hurtigruten ti wà lẹ́nu iṣẹ́; lónìí, ó ń gbéra ní Bergen, ó ń gba etíkun lọ títí dé Kirkenes nítòsí ààlà Rọ́ṣíà. Èbúté 34 ló ń yà sí, ọjọ́ 12 ni àlọ àti àbọ̀. Ó ń gbé ẹrù, ó ń gbé ará ìlú, ó ń gbé àlejò, kò sì kúrò nínú ilẹ̀ Nọ́wè rárá. Èbúté kan, ọkọ̀ kan, ìwé kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ìbá fẹ́ràn rẹ̀.

ÀBÁ MI FÚN ÌGBÌMỌ̀

Kí a fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ìyá yìí. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí a má tú owó náà sílẹ̀ títí físà Kánádà yóò fi wà nínú páspọ́ọ̀tù rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìyà, ààbò ni fún un. Kí ọmọ rẹ̀ náà má sì san owó ọkọ̀ tán kí ìwé tó jáde. Bí ó bá máa san àsansílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ owó tó ń padà àti owó tí kì í padà sí nínú àdéhùn. Bàálù kò lọ tààrà láti Èkó sí Vancouver, kí wọ́n bèèrè bóyá ilẹ̀ tí bàálù máa yà sí ń fẹ́ ìwé ìkọjá. Kí ìyá dé ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú, torí ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ọmọ gba ìwé ìdójútòfò ìlera fún un, torí dókítà orí omi kì í gba owó kékeré.

Láti ìsinsìnyí lọ, mo dábàá pé ọmọ ẹgbẹ́ yòówù tó bá fẹ́ yá owó ìrìn-àjò òkè òkun, kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí a tó bi í ní òmíràn: Níbo lẹ ti ń gbéra? Ilẹ̀ ta ni ẹ máa gbà kọjá? Ìwé wo lẹ ní lọ́wọ́? Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó ń lọ wò kò kan wa. Ìbáà jẹ́ Mẹ́kà, ìbáà jẹ́ Jerúsálẹ́mù, ìbáà jẹ́ yìnyín.

Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọ náà ní Calgary. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ó kọ́kọ́ bá mi jiyàn díẹ̀, ó ní ẹni tó ta ìwé ọkọ̀ kò sọ fún òun. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ní: "Ẹ ṣeun, bàbá. Mi ò bá ti dójú ti ìyá mi." Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé físà Kánádà.

Bàbá wa tó bèèrè ohun tí àgbàlagbà obìnrin ń wá nínú yìnyín, mo ti rí ìdáhùn yín. Mo bi ìyá fúnra rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbé epo lọ gbé epo bọ̀, kò sí ibi tí òun lọ rí tí kì í ṣe torí ohun tí òun máa tà. Ó ní òun fẹ́ lọ síbi kan lẹ́ẹ̀kan, kí ọwọ́ òun ṣófo.

Ẹ jẹ́ ká jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n kó gba ibi tó dára lọ.

Kí ẹgbẹ́ wa máa dàgbà o. A ó pàdé ní ìpàdé tó ń bọ̀ lọ́lá Ọlọ́run.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìlaròó.